Fídíò Ọ̀wọ̀, Twitter tí wọ́n tì pa: ta ló yẹ kó máa pinnu ohun tí wọ́n máa yọ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì?

ỌmọIfọ̀n:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ ká jọ tú palẹ̀, ó máa gùn díẹ̀, ẹ fara dà á fún mi.

Gbogbo wa la rántí June 5, 2022, Sọ́ńdè Pẹ́ńtíkọ́sì, tí àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis l'Ọ́wọ̀ tí wọ́n pa èèyàn tó tó 40 síbẹ̀, àtọmọdé àtàgbà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú fídíò ti gba ìgboro, ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, òkú nílẹ̀, àwọn èèyàn ń ké, ojú àwọn òkú míì sì hàn gbangba tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá mọ̀ wọ́n máa dá wọn mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ifọ̀n sí Ọ̀wọ̀ ò jìnnà, ẹ mọ bó ṣe máa rí lára wa.

Ẹnì kan gbé ọ̀kan nínú àwọn fídíò yẹn sórí Instagram. Ẹ̀rọ Instagram kọ́kọ́ fi ìbòjú bò ó, ìyẹn eléyìí tó máa ń kìlọ̀ fún ẹ pé ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀ ò dáa wò, àfi tó o bá fọwọ́ ara ẹ tẹ̀ ẹ́ kó tó ṣí. Nígbà tó yá Meta, ilé iṣẹ́ tó ni Instagram àti Facebook, yọ ọ́ kúrò pátápátá, torí pé ẹni tó gbé e síta fi àwọn háṣítáàgì kan sí i tó jẹ mọ́ ìbọn àti eré ìbọn, wọ́n ní ó dà bí ẹni tó ń fi ikú èèyàn ṣe fàájì. Onítọ̀hún ò gbà, ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ sọ́dọ̀ Oversight Board, ìgbìmọ̀ tí Meta fúnra ẹ̀ gbé kalẹ̀ láti máa yẹ ìdájọ́ ẹ̀ wò, ìgbìmọ̀ yẹn sì dá a láre ní December 2022, wọ́n ní kí Meta dá fídíò yẹn padà kí wọ́n kàn fi ìbòjú bò ó. Wọ́n ní ó yẹ káyé mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà, àti pé háṣítáàgì yẹn, kí èèyàn púpọ̀ lè rí ohun tó gbé síta ló ṣe fi sí i, kì í ṣe ìkà. Àmọ́ ẹnu gbogbo wọn ò kò. Àwọn kan nínú wọn ní kí Meta má dá a padà, torí ojú àwọn òkú àti ọkàn àwọn ẹbí wọn.

Ẹ wá wò ó, ọdún kan géérégé ṣáájú ọjọ́ yẹn, June 5, 2021, ni wọ́n ti Twitter pa mọ́ gbogbo wa lójú. Twitter yọ ọ̀rọ̀ kan tí Buhari kọ nípa ogun abẹ́lé, ó ní èdè tó bá yé àwọn tó ń dàlú rú lòun máa fi bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ní ó ta ko òfin àwọn, ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ní ó tó gẹ́ẹ́. Títí di January 13, 2022 la fi ń yọ́ gba ẹ̀yìn VPN wọlé.

Ìbéèrè mi rèé. Ilé iṣẹ́ àwọn òyìnbó tó jókòó sí Kalifóníà ń yọ ohun tó wù wọ́n, ìjọba tiwa náà ń fẹ́ yọ ohun tó wù wọ́n, àwa tọ́rọ̀ kàn ò sì sí níbì kankan. Ta ló yẹ kó máa pinnu? Ibo sì ni ààlà wà? Ẹ jọ̀ọ́ kí ẹ bá mi sọ ọ́ tọkàntọkàn.

ÌyáÌbejì_Ìbàdàn:

ỌmọIfọ̀n, o káre tó o gbé ọ̀rọ̀ yìí wá. Tèmi ò le. Kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n yọ ọ́ kíákíá, mi ò sì fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìbòjú kankan.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú wa rí. Àbúrò màmá mi kan ń gbé ní Mọ́níyà, ọmọ ẹ̀ ọkùnrin ń bọ̀ láti Èkó, mọ́tò tó wọ̀ dojú dé lórí márosẹ̀. Kí àwọn Road Safety tó débẹ̀ àwọn èèyàn ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tiwọn, kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ o, fóònù ni wọ́n nà sókè. Àǹtí mi wà nídìí ẹ̀rọ ata tó ti ń lọ ata, WhatsApp àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀ dún, ó ṣí i, ẹni tó fi ránṣẹ́ kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé ìrìn àjò wa ò ní já sí ikú lórúkọ Jésù, ẹ ṣe àmín. Ẹ̀wù tí àǹtí mi fọwọ́ ara ẹ̀ rà fún ọmọ yẹn ló kọ́kọ́ rí. Kò sẹ́ni tó tíì pè é. Àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ ata ló gbá a mú.

Nílẹ̀ wa báyìí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń túfọ̀. Àgbà méjì mẹ́ta á kọ́kọ́ jọ sọ ọ́ láàárín ara wọn, wọ́n á wá ẹni tí ìyá yẹn ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu, wọ́n á wá bá a nílé, wọ́n á jókòó, wọ́n á rí i pé kò dá wà, wọn ò tiẹ̀ ní sọ pé ó kú lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn lè pa èèyàn ni wọ́n ṣe ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gbé òkú ọmọ ọlọ́mọ síta lórí fóònù ti gba gbogbo ìyẹn lọ́wọ́ ìyá ẹ̀.

Ẹ wá ní ẹ fi ìbòjú bò ó. Ìyá tó ń wá ọmọ ẹ̀, tó gbọ́ pé wọ́n yìnbọn ní ṣọ́ọ̀ṣì tọ́mọ lọ, ṣé ìbòjú ló máa dá a dúró ni? Òun gan-an ló máa kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́.

Ṣẹ́gun_Sùúrùlérè:

Màmá ẹ kú ìrọ́jú, Ọlọ́run á tu àǹtí yẹn nínú. Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára gan-an, mi ò sì fẹ́ kí ẹ rò pé mò ń ta ko ìyẹn.

Àmọ́ ẹ rántí October 20, 2020. Alẹ́ yẹn ní Lekki, iná ti kú, àwọn ṣọ́jà dé, àwa tá a wà nílé, Instagram DJ Switch la dì mọ́, ó ń fi hàn wá lójú ẹsẹ̀ bí ìbọn ṣe ń dún tí àwọn èèyàn ń sùn sílẹ̀ tí wọ́n ń kọ orin ìlú, tí wọ́n ń wá bí wọ́n ṣe máa tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́. Ká ní ẹnì kan wà ní Amẹ́ríkà tó sọ pé ẹ̀jẹ̀ pọ̀ jù nínú eléyìí ẹ yọ ọ́, kí la fẹ́ dì mú lónìí? Àwọn ológun ti kọ́kọ́ bọ́ sórí Twitter tí wọ́n ń lẹ "irọ́ ni" mọ́ ìròyìn àwọn oníwèé ìròyìn lọ́kọ̀ọ̀kan, ìgbà tó yá ni wọ́n gbà pé àwọn ránṣẹ́ lọ síbẹ̀. Fídíò ló jẹ́ kí wọ́n gbà. Tí ẹ bá yọ fídíò, ọ̀rọ̀ ẹni tó nìbọn ló máa dúró.

Ohun tó tún dùn mí jù ni pé lásìkò yẹn gan-an ni ẹ̀rọ Facebook àti Instagram ń sàmì sí ohun tí àwọn èèyàn ń gbé síta nípa EndSARS pé irọ́ ni. Wọ́n tọrọ àforíjì lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n ní ẹ̀rọ àwọn ló ṣàṣìṣe. Ẹ̀rọ ṣàṣìṣe lálẹ́ tí wọ́n ń yìnbọn fún èèyàn. Kí oṣù yẹn tó parí NBC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, tún bu owó ìtanràn lé Channels, AIT àti Arise, mílíọ̀nù mẹ́ta náírà ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní wọ́n lo fídíò orí sóṣíà mídíà tí wọn ò tíì fìdí ẹ̀ múlẹ̀.

Torí náà èmi ò gbà kí wọ́n yọ nǹkan kan àfi tí ẹni yẹn bá ń sọ pé ẹ lọ pa lágbájá. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ fi èèyàn sílẹ̀ kó sọ tẹnu ẹ̀.

Lọ́yà_Adó:

Ẹ kú àròjinlẹ̀ gbogbo yín. Ẹ jẹ́ n dá sí i níbi tí iṣẹ́ mi dé.

Ohun méjì lẹ pa pọ̀, ó sì yẹ ká yà wọ́n sọ́tọ̀. Meta kì í ṣe ìjọba. Tí Meta bá yọ ọ̀rọ̀ rẹ kúrò, ó dùn ẹ́ lóòótọ́, àmọ́ wọn ò lè tì ẹ́ mọ́lé. Ìjọba lè tì ẹ́ mọ́lé. Abala 39 nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fún gbogbo èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti ní èrò tiẹ̀ kó sì sọ ọ́ síta, abala 45 ló wá ní ìjọba lè ṣòfin tó máa dín in kù nítorí ààbò ìlú, ìwà ọmọlúàbí, ìlera tàbí ẹ̀tọ́ ẹlòmíì, kó ṣáà jẹ́ ohun tó bójú mu láwùjọ tiwa-n-tiwa. Ìyẹn ni pé òfin gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí o tó fọwọ́ kàn mí. Nígbà tí wọ́n ti Twitter pa, òfin wo ni wọ́n tọ́ka sí? Kò sí. Kóòtù ECOWAS sọ bẹ́ẹ̀ ní July 14, 2022 nígbà tí SERAP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aráàlú, àtàwọn ọmọ Nàìjíríà kan gbé ìjọba lọ síwájú ẹ̀, wọ́n ní títì tí wọ́n tì í pa kò bófin mu, kí wọ́n má dán an wò mọ́. Ẹ rántí pé agbẹjọ́rò àgbà ìjọba ti ní kí wọ́n máa gbé ẹni tó bá ṣì ń lo Twitter lọ sí kóòtù. Bàbá Adébóyè wá bọ́ sórí Twitter yẹn náà, wọ́n ní ìjọ àwọn wà ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 170, pé ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kọ sílẹ̀ lábala 19 làwọn fi ń kọ ọ̀rọ̀ síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó mú wọn. Òfin tí kò lè mú ẹni ńlá, tó jẹ́ pé mẹ̀kúnnù nìkan ló ń bẹ̀rù ẹ̀, kì í ṣe òfin lójú tèmi.

Àgbà ni mí díẹ̀, mo sì mọ ìgbà Decree 4. Lọ́dún 1984 àwọn ológun gbé òfin kan jáde pé tó o bá kọ ohun tó dójú ti òṣìṣẹ́ ìjọba nínú ìwé ìròyìn, wọ́n máa tì ẹ́ mọ́lé, wọ́n ò sì bìkítà pé òótọ́ lo kọ. Tunde Thompson àti Nduka Irabor ti The Guardian ṣẹ̀wọ̀n lórí ẹ̀, wọ́n tún ní kí ilé iṣẹ́ wọn san 50,000 náírà, owó gidi nígbà yẹn. Kí ni wọ́n kọ? Orúkọ àwọn tí wọ́n fẹ́ fi ṣe aṣojú ìjọba nílẹ̀ òkèèrè. Kò ju ìyẹn lọ.

Torí náà nígbà tí mo rí abala 24 nínú òfin Cybercrime ti 2015, mo dá ojú ẹ̀ mọ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ tó mọ̀ pé irọ́ ni láti bí ẹlòmíì nínú tàbí láti ni ín lára, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta tàbí mílíọ̀nù méje náírà. Láti bí ẹlòmíì nínú! Ta ni kò ní bínú? Kóòtù ECOWAS tún ní èyí náà ò dáa ní March 2022, ìgbà tó di 2024 ni wọ́n tún un ṣe tí wọ́n dín in kù sí ohun tó lè da ìlú rú tàbí tó lè gbẹ̀mí èèyàn. Àmọ́ kó tó di ìgbà yẹn àwọn èèyàn ti jẹ ìyà lórí ẹ̀. Ní September 2023 wọ́n gbé obìnrin kan l'Ékòó, ó kàn kọ ọ́ sórí Facebook pé tòmátò alágolo kan ti dùn jù, pé ṣúgà pọ̀ nínú ẹ̀, ni pọ́lísì bá gbé e d'Àbújá. Tòmátò o.

Ààlà tèmi rèé: ìhalẹ̀mọ́ni, ìdánilójú pé ọ̀rọ̀ yẹn máa gbẹ̀mí, jìbìtì, àwòrán ìhòòhò ẹlòmíì tàbí ti ọmọdé, àwọn yẹn kí òfin mú wọn. Bíba èèyàn lórúkọ jẹ́, kí onítọ̀hún lọ sí kóòtù kó gba owó ìtanràn tó bá jàre. Kí pọ́lísì má débẹ̀ rárá. Ẹ rí ọ̀rọ̀ Dele Farotimi ní December 2024, Èkó ni wọ́n ti gbé e wá síbí l'Adó lórí ìwé tó kọ, tí Bàbá Afẹ́ Babalọlá ní ó ba òun lórúkọ jẹ́. Mi ò dájọ́ ẹni tó jàre láàárín wọn, Ọọ̀ni àtàwọn ọba bẹ Bàbá, wọ́n sì jọ̀wọ́ ẹjọ́ yẹn ní January 2025, ó tán. Ohun tó ká mi lára ni pé ọ̀rọ̀ tí àwọn lọ́yà méjì lè fi ìwé ẹjọ́ bára wọn sọ, ó di ohun tí wọ́n ń fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ṣe.

Bùkọ́lá_Leeds:

Ẹ̀gbọ́n Lọ́yà ẹ ṣeun, mo kọ́gbọ́n. Ṣẹ́gun, ìwọ ni mo fẹ́ dá lóhùn, torí o ní kí wọ́n fi èèyàn sílẹ̀ kó sọ tẹnu ẹ̀.

Ní July 29, 2024, ọmọkùnrin kan fi ọ̀bẹ pa àwọn ọmọbìnrin kéékèèké mẹ́ta ní Southport nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, níbi tí wọ́n ti ń jó. Kí ọjọ́ yẹn tó parí ẹnì kan ti hùmọ̀ orúkọ kan tó jọ orúkọ Mùsùlùmí, wọ́n ní òun ló pa wọ́n, wọ́n ní ojú omi ló gbà wọ̀lú. Irọ́ gbáà ni. Cardiff ni wọ́n bí ọmọ yẹn sí. Síbẹ̀ àwọn èèyàn kó ara wọn jọ wọ́n ń ju òkò sí mọ́sálásí Southport lálẹ́ ọjọ́ kejì, ó di ìlú kan sí ìkejì, nígbà tó fi máa di August 4 wọ́n ti fẹ́ dáná sun hòtẹ́ẹ̀lì tí àwọn tó ń wá ibi ìsádi ń gbé ní Rotherham. Èèyàn wà nínú ẹ̀ o. Rotherham sí Leeds ò jìnnà. Ìjọba Nàìjíríà fúnra ẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ wá síbí.

Èmi kíà ni mò ń ṣe, ilé àwọn arúgbó ni mo máa ń lọ láàárọ̀ kùtù àti lálẹ́. Lọ́sẹ̀ yẹn, ẹni tó ń pín iṣẹ́ fún wa ní kí ẹnikẹ́ni má dá nìkan wọ bọ́ọ̀sì. Mo wọ híjáàbù, mo ń rò ó bóyá kí n ṣí i nítorí iṣẹ́. Bàbá òyìnbó tí mò ń tọ́jú ló tẹ̀ mí láago pé kí n má wá, pé òun máa fún ara òun ní búrẹ́dì. Ẹni ọdún 80 tí kò lè dá dìde. Ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan hùmọ̀ lórí fóònù ló dé ibi oúnjẹ bàbá yẹn.

Wọ́n ti àwọn kan mọ́lé lórí ohun tí wọ́n kọ. Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Lucy Connolly, ó kọ ọ́ sórí X, ìyẹn Twitter àtijọ́, pé kí wọ́n dáná sun àwọn hòtẹ́ẹ̀lì yẹn tó bá wù wọ́n, wọ́n fún un ní oṣù 31. Títí dòní ìlú ń jà lórí ẹ̀, àwọn kan ní ó pọ̀ jù, pé ó pa á rẹ́ láàárín wákàtí mélòó kan. Mi ò mọ̀ bóyá oṣù 31 pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé nínú hòtẹ́ẹ̀lì kì í ka ọ̀rọ̀ yẹn bí ẹni tó ń ka èrò ọkàn ẹlòmíì.

Ṣẹ́gun_Sùúrùlérè:

Àǹtí Bùkọ́lá, ẹ kú ewu o. Mo gbà pé ẹni tó ní kí wọ́n lọ dáná sun ilé, kí wọ́n mú un, mo ti sọ bẹ́ẹ̀ lókè. Àmọ́ ẹni tó kọ́kọ́ pín orúkọ yẹn tí kò mọ̀ pé irọ́ ni ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ló rò pé àwọn ń ran ìlú lọ́wọ́ ni. Tí ẹ bá ní kí wọ́n máa mú èèyàn nítorí irọ́, Nàìjíríà tiwa ta ló máa sọ ohun tó jẹ́ irọ́? Àwọn tó ní kò sí ṣọ́jà ní Lekki náà ni.

Bùkọ́lá_Leeds:

Òótọ́ nìyẹn. Ìdí tí mo ṣe fara mọ́ òfin tuntun tí wọ́n gbé jáde níbí lọ́dún 2023 nìyẹn, Online Safety Act, torí ilé iṣẹ́ ló bá wí jù. Wọ́n ní kí ilé iṣẹ́ fi hàn pé òun ní ètò nílẹ̀ láti yọ ohun tí kò bófin mu, tí kò bá ṣe é, Ofcom, àjọ tó ń mójú tó òfin yẹn, lè bu owó lé e tó fi máa tó mílíọ̀nù 18 pọ́ń-ùn tàbí ìdá mẹ́wàá owó tó ń wọlé fún un lágbàáyé, èyí tó bá pọ̀ jù. Ẹni tó ń pawó lórí irọ́ yẹn ló yẹ ká mú lápò. Ìbínú ló ń mú kí èèyàn pẹ́ lórí fóònù, ìpolówó ọjà sì ń wọlé fún wọn níbẹ̀.

Àkànní_Kọ̀ǹpútà:

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín látàárọ̀, gbogbo yín lẹ ń sọ̀rọ̀ bíi pé ẹnì kan jókòó síbì kan tó ń fara balẹ̀ rò ó kó tó yọ ọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Tí wọ́n bá ti rí fídíò kan tí wọ́n fẹ́ mú, ẹ̀rọ máa ń yí i padà sí nọ́ńbà gígùn kan, bí ìtẹ̀ka èèyàn ló ṣe rí, wọ́n á kó nọ́ńbà yẹn sínú àkójọ kan. Láti ìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá gbé fídíò kan náà wá níbikíbi láyé, ẹ̀rọ á kàn fi nọ́ńbà ẹ̀ wé ohun tó wà nínú àkójọ, tó bá ti bára mu, ó ti bò ó tàbí ó ti yọ ọ́ nìyẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí fídíò Ọ̀wọ̀ yẹn nígbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ẹ̀rọ ò mọ̀ bóyá ẹni tó gbé e síta ń sunkún ni o, tàbí ó ń rẹ́rìn-ín. Oníròyìn, ẹbí òkú, àti ẹni tó ń yọ̀ mọ́ wọn, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn lójú ẹ̀.

Èyí tí ẹ̀rọ ò bá lè dá ṣe ló ń dọ́dọ̀ èèyàn. Ta làwọn èèyàn yẹn? Títí di ìbẹ̀rẹ̀ 2023, púpọ̀ nínú àwọn tó ń yẹ tilẹ̀ Áfíríkà wò fún Meta, Nairobi ni wọ́n kó wọn sí lábẹ́ ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Sama. Ọ̀kan nínú wọn, Daniel Motaung, ọmọ South Africa, pe Meta àti Sama lẹ́jọ́ lọ́dún 2022 lórí ohun tójú wọn rí níbẹ̀. Ó ní ọ̀kan nínú fídíò tí òun kọ́kọ́ wò, bí wọ́n ṣe ń bẹ́ èèyàn lórí ni. Màmá Ìbejì, ẹni tí ẹ ní kó yọ fídíò yẹn kíákíá, òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò ó.

Ọ̀rọ̀ èdè wá ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí. Ní ìparí 2023 ẹnì kan gbé fídíò kan sórí Facebook, wọ́n ń lu àwọn ọkùnrin méjì, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn, wọ́n ń fipá bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ ní Ìgbò. Fídíò yẹn wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, wọ́n sì ti ripọ́ọ̀tù ẹ̀ o. Ìgbà tí Oversight Board gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀ ní 2024 ló hàn pé Swahili ni wọ́n pe Ìgbò yẹn ní Meta. Èdè tí ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn ń sọ! Ẹ bi ara yín bí Yorùbá ṣe máa rí lọ́wọ́ wọn. X gan-an ti ní ọ́fíìsì kan tẹ́lẹ̀ ní Accra, ẹyọ kan ṣoṣo fún gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà, nígbà tí Musk ra ilé iṣẹ́ yẹn lóṣù October 2022, kí November tó parí wọ́n ti lé àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀.

Ohun tí àìbìkítà yẹn ń fà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà ní Bahir Dar ní Ethiopia, Meareg Amare, olùkọ́ kẹ́mísìrì. Ní October 2021 wọ́n gbé àwòrán ẹ̀ sórí Facebook, wọ́n parọ́ mọ́ ọn, wọ́n sọ àdúgbò tó ń gbé. Ọmọ ẹ̀ ripọ́ọ̀tù ẹ̀. Ní November àwọn ọkùnrin kan tẹ̀ lé e dé ẹnu ilé ẹ̀ wọ́n yìnbọn pa á. Ọmọ ẹ̀ ti gbé Meta lọ sí kóòtù ní Nairobi, àwọn adájọ́ Kenya sì sọ ní April 2025 pé àwọn láṣẹ láti gbọ́ ọ. Lójú mi ẹjọ́ yẹn ló yẹ ká máa wò, torí pé Meta ti ń sọ tẹ́lẹ̀ pé kóòtù Kenya ò láṣẹ lórí àwọn.

Ẹ̀gbọ́n Lọ́yà, ibi tí mi ò ti bá yín lọ rèé. Ẹ ní Meta ò lè ti èèyàn mọ́lé. Dídákẹ́ tí wọ́n dákẹ́ ti pa èèyàn.

Lọ́yà_Adó:

Àkànní, mo gba tìẹ. Mi ò ka ti dídákẹ́ yẹn sí.

ỌmọIfọ̀n:

Ẹ ṣé gan-an ni o. Mo ti ka gbogbo ẹ̀ léraléra.

Màmá Ìbejì, ohun tí ẹ sọ nípa ìyá tó máa tẹ̀ ẹ́ yẹn, mi ò lè dá yín lóhùn lórí ẹ̀. Mo ti wá ibi tí mo dúró báyìí: kí fídíò Ọ̀wọ̀ wà, káyé má lè sọ pé kò ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n bo ojú àwọn òkú. Kì í ṣe gbogbo fídíò yẹn ni kí wọ́n bò, ojú wọn. Fóònù olówó pọ́ọ́kú gan-an ń ṣe é. Ilé iṣẹ́ tó lówó tó Meta, tí ẹ̀rọ ẹ̀ lè dá fídíò kan mọ̀ láàárín ọ̀kẹ́ àìmọye, kò ní àwíjàre kankan tí kò fi lè bo ojú òkú. Kí ẹbí sì ní ibi tí wọ́n lè kọ̀wé sí ní èdè tiwọn, kí ẹni tó gbọ́ èdè yẹn dá wọn lóhùn. Ti ìjọba, mi ò fẹ́ kí wọ́n ní bọ́tìnì kankan tí wọ́n lè tẹ̀ láìgba kóòtù kọjá, mo bá Ẹ̀gbọ́n Lọ́yà lọ níbẹ̀ pátápátá.

ÌyáÌbejì_Ìbàdàn:

Bíbo ojú yẹn, mo lè gbà á. Mi ò fẹ́ gbọ́ pé torí òtítọ́ ni wọ́n ṣe ń jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ sùn níhòòhò lójú ayé. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé wọ́n bo ojú ẹ̀, tí ìyá ẹ̀ ò lè dá a mọ̀, ó dáa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ọmọ mi obìnrin ń ta aṣọ òkè lórí Instagram, wọ́n yọ àwòrán kan nínú ọjà ẹ̀ kúrò lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní ó ta ko òfin, wọn ò sọ òfin wo. Ó ní kí wọ́n tún un wò, wọ́n kọ̀. Ṣé ọ̀nà kankan tún wà?

Àkànní_Kọ̀ǹpútà:

Ó wà màmá. Nígbà tí wọ́n kọ̀ yẹn, wọ́n máa fún un ní nọ́ńbà ìtọ́kasí kan nínú Instagram ẹ̀, kó wò ó lábẹ́ ibi tí wọ́n kọ ipò àkáǹtì ẹ̀ sí. Kó mú nọ́ńbà yẹn lọ sórí wẹ́ẹ̀bùsáìtì Oversight Board fúnra ẹ̀, ọjọ́ 15 ló ní láti ọjọ́ tí Meta ti kọ̀, torí náà kó má fi falẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹjọ́ ni wọ́n ń gbọ́ o, díẹ̀ ni wọ́n ń mú. Kó kọ ohun tó wà nínú àwòrán yẹn àti ohun tó ń tà, kó kọ ọ́ gún régé. Tó bá fẹ́, kó fi ránṣẹ́ sí mi kí n bá a yẹ̀ ẹ́ wò kó tó tẹ̀ ẹ́ lọ.